Owó Ìfẹ̀yìntì: Àáró Ni Tàbí Àjọ?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé sábà máa ń fi ìṣirò dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò nìkan kò lè dáhùn rẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti ṣiṣẹ́ títí tí ọjọ́ orí rẹ̀ fi pọ̀, tí ó sì padà sí ilé, kí ni owó tí ìjọba ń san fún un lóṣooṣù títí di ọjọ́ ikú rẹ̀? Ṣé ọrẹ ni, ṣé ìrànlọ́wọ́ ni, tàbí gbèsè? Bí ó bá jẹ́ ọrẹ, ẹni tí ó ń ta ènìyàn lọ́rẹ lè dín in kù nígbà tí nǹkan kò bá rọgbọ fún un mọ́. Bí ó bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́, aláìní tí kò ṣe iṣẹ́ ìjọba rí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ nawọ́ gbà á. Bí ó bá sì jẹ́ gbèsè, ó kù kí a mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́, nítorí ìjọba kò ní oko, kò sì ní ìsọ̀. Ohun tí ó bá san, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti gbà á.

Ọrẹ ni àwọn òyìnbó amúnisìn tí wọ́n mú ètò yìí wá kà á sí. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 1951, èyí tí wọ́n mú kí ó ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1946, fi í sí ọwọ́ Gómìnà láti yọ̀ǹda owó náà fún ẹni tí ó bá tọ́ lójú rẹ̀. (Ọdún 1951 yìí kan náà, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, ni wọ́n ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba ní ìlú Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà yóò tún jẹ yọ láìpẹ́.) Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọrẹ tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Ìgbìmọ̀ Udoji ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1974, Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 1979 tẹ̀lé e. Nígbà tí ó sì di ọdún 1999, òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ẹsẹ̀ 173 wà fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹsẹ̀ 210 sì wà fún ti ìpínlẹ̀: ẹ̀tọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì; ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà sí ìpalára ẹni tí ó ni ín; wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkigbà tí wọ́n bá tún owó oṣù yẹ̀ wò, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì.

Nítorí náà, ní ti òfin, ẹjọ́ ti parí: gbèsè ni. Ní ti ìwà ọmọlúàbí, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí a fi ojú inú wo àgbẹ̀ kòkó kan ní Ìjàgbà, ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, kí a sì fi wo olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń gbé ìlú kan náà. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú wọn wà ní gbogbo ìlú tí kòkó ti ń so, tí ilé-ìwé sì wà. Olùkọ́ ń ráhùn pé láti ìgbà tí òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun kò tí ì fojú kan gìrátúítì, èyíinì ni owó gbankọgbì tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tí ó fẹ̀yìn tì. Àgbẹ̀ tẹ́tí gbọ́ ọ tán, ó ní:

“Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó. Èmi náà ti darúgbó, inú oko ni mo sì ti gbó. Ta ni yóò san tèmi?”

“Bàbá, ìjọba kò gbà yín síṣẹ́.”

“Òótọ́ ni, wọn kò gbà mí síṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gba owó kòkó mi.”

Ẹni tí ó bá rò pé àwàdà lásán ni àgbẹ̀ yìí ń ṣe, kò mọ ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní àkókò náà, iye tí ó sì ń san fún un kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Èrè tí ó wà láàárín iye méjèèjì wà lára ohun tí ìjọba fi ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Action Group, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ọmọ Ọ̀wọ̀ kan, Michael Adékúnlé Ajásin, ọ̀gá ilé-ìwé Imade College nígbà náà, ni ó kọ àbá ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gbé dìde. Òun náà ni ó padà di gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Òndó, láti 1979 sí 1983. Kòkó wà lára ohun tí ó kọ́ ilé-ìwé, tí ó sì san owó tíṣà. Nígbà tí owó orí wá wúwo jù, tí iye kòkó sì já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kan fárí gá ní ọdún 1968 àti 1969. Rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Tàfá Adéoyè ni orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, ìjọba sì dín owó orí kù kí ó tó rọlẹ̀.

Bí àgbẹ̀ bá sọ pé òun ti san nínú owó yìí, òótọ́ ni ó sọ. Olùkọ́ náà sì ní èsì tirẹ̀: “Bàbá, ta ni ó kọ́ àwọn ọmọ yín?” Òótọ́ ni èyí náà. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé kò sí òpùrọ́ láàárín àwọn méjèèjì.

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ ọ̀nà méjì tí ènìyàn fi lè pèsè dè ọjọ́ tí agbára kò ní í sí. Èkíní ni àáró. Lónìí, ẹgbẹ́ lọ sí oko Òjó, wọ́n bá a kọ ebè. Lọ́tùn-únla, oko Àjàó ló kàn. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ìwé. Ohun tí ó so ó ró ni pé ẹni tí wọ́n ti bá ṣe kò gbọdọ̀ sá nígbà tí ó bá kan ẹlòmíràn. Èkejì ni àjọ dídá. Olúkúlùkù ń gbé tirẹ̀ fún alájọ díẹ̀díẹ̀, alájọ ń fi àmì sí káàdì, nígbà tí oṣù bá sì parí, onítọ̀hún á kó owó ara rẹ̀, àyàfi iye ọjọ́ kan tí alájọ yóò mú. Àáró dúró lórí ọlá àwọn tí yóò wá lẹ́yìn. Àjọ dúró lórí òtítọ́ alájọ àti lórí pé kí owó má sọ iyì nù nínú àpò rẹ̀.

Ètò owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́, àáró ni. Kò sí owó kankan tí wọ́n tọ́jú. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tí ń san owó orí lónìí ni wọ́n ń bọ́ àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lánàá, pẹ̀lú ìrètí pé àwọn ti ọ̀la yóò bọ́ àwọn náà. Ìlérí rẹ̀ sì tóbi. Láti ọdún 1992, ẹni tí ó bá lo ọdún 35 nínú iṣẹ́ yóò gba ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan gẹ́gẹ́ bí gìrátúítì, yóò sì máa gba ìdá 80 nínú 100 owó oṣù tí ó gbà kẹ́yìn títí ayé rẹ̀. Bí owó ọdún kan olùkọ́ bá jẹ́ 600,000 náírà, gìrátúítì rẹ̀ jẹ́ 1,800,000 náírà, owó oṣù ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì jẹ́ 40,000 náírà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀, tí àwọn arúgbó kò pọ̀, tí owó epo rọ̀bì sì ń wọlé, kò sí ẹni tí ó béèrè ibi tí yóò ti wá. Nígbà tí ọwọ́ yí padà, àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gìrátúítì sílẹ̀. Ní Òndó pẹ̀lú, ìjọba kan ń fi gbèsè lé òmíràn lọ́wọ́, ó sì wá di pé gómìnà ń san owó àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ọdún púpọ̀ ṣáájú kí òun tó dé ibẹ̀.

Níhìn-ín ni ohun kan wà tí àwọn tí ń jiyàn lórí àtúnṣe kì í sábà dárúkọ. Wọ́n máa ń wí pé àtúnṣe le, pé kò sí olóṣèlú tí ó fẹ́ dín ẹ̀tọ́ arúgbó kù. Wọ́n ti dín in kù tipẹ́. Ìdádúró ni wọ́n fi dín in. Kí a padà sí 1,800,000 náírà olùkọ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ ọdún 2011 ni ó tọ́ sí i, nígbà tí dọ́là kan ń lé díẹ̀ ní 150 náírà, iye rẹ̀ kò jìnnà sí dọ́là 12,000. Bí wọ́n bá san án fún un ní ìparí ọdún 2024, láìyọ kọ́bọ̀, nígbà tí dọ́là kan ti lé ní 1,500 náírà, iye rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là 1,200 lọ. Ìwé ìjọba yóò kọ ọ́ pé wọ́n ti san gbèsè tán. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n san. Ìdá mẹ́sàn-án yòókù ti wọ àpò ìjọba láìsí òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe, láìsí ẹni tí ó dìbò sí i. Ẹsẹ̀ 210 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí owó ìfẹ̀yìntì padà sí ìpalára ẹni tí ó ni ín. Kò sí ìyípadà tí ó ju èyí lọ, síbẹ̀ nọ́ńbà kan kò yẹ̀ nínú ìwé.

Nígbà náà, ṣé àwọn tí ń san owó orí ni wọ́n jèrè ohun tí olùkọ́ pàdánù? Ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ń san owó orí mọ ara rẹ̀. Ó rí iye tí wọ́n yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ bí Òndó, apá tí ó pọ̀ nínú owó ìjọba ń ti Àbújá wá lóṣooṣù. Àgbẹ̀ Ìjàgbà kò gba ìwé owó orí ìdá 80 kan sí ilé rẹ̀. Ohun tí ó ń san kò hàn: nígbà tí ó bá ra páànù tàbí ọ̀dà, owó orí ọjà wà nínú rẹ̀, ìdá 5 nínú 100 láti ọdún 1994, ìdá 7.5 láti oṣù kejì ọdún 2020. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń fi ohun tí kò rí gbà san án: oògùn tí kò sí ní ilé ìwòsàn, afárá tí wọn kò ṣe. Bí wọ́n bá san gìrátúítì olùkọ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ afárá àgbẹ̀ ni wọn yóò fi san án. Bí wọn kò bá sì san án, kò sí ìdánilójú pé afárá ni wọn yóò fi ṣe. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, ó sì yẹ kí ó mú wọn bínú.

Àwọn kan ń wí pé kò tọ́ kí ọ̀dọ́ tí a kò tí ì bí nígbà tí wọ́n ṣe ìlérí wá máa san án. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà, Yorùbá sì ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ayé ìwọ̀fà, baba yá owó, ó fi ọmọ sọfà. Ọmọ ń lọ sí oko olówó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nítorí owó tí kò ná. Àṣà náà ti kúrò nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń dárò rẹ̀. Ìjọba tí ó ṣe ìlérí ọgbọ̀n ọdún láìtọ́jú kọ́bọ̀ kan, ó fi ọmọ tí ń bọ̀ sọfà.

Ṣùgbọ́n gbèsè kò dọ́gba. Baba tí ó yá owó láti fi ṣe ìnáwó òkú, tí àwọn ènìyàn jẹ, tí wọ́n jó, tí wọ́n sì túká, ohun tí ó fi sílẹ̀ fún ọmọ kò ju orúkọ gbèsè lọ. Baba tí ó kọ́ ilé, tí kò san owó bíríkìlà tán kí ó tó kú, ọmọ tí ń sùn nínú ilé náà kò lè sọ fún bíríkìlà pé òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn. Ilé ni iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tí ó kọ́ àwọn dókítà, àwọn awakọ̀, àwọn akọ̀wé àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ábídí, inú iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbé. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn gbogbo ìlérí owó ìfẹ̀yìntì nìyí: kí ni ẹni tí ń san án jogún nínú rẹ̀?

Bí a bá fi wọ̀n ọ́n, àwọn ìlérí kan yóò já bọ́. Ní ọdún 2007, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó fún gómìnà tí ó bá lo sáà méjì, ọdún mẹ́jọ péré, ní ilé ní Èkó àti ní Àbújá, ọkọ̀ tí wọn yóò máa pààrọ̀ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, àti owó oṣù títí ayé. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ṣe irú rẹ̀. Zamfara pa tiwọn rẹ́ ní ọdún 2019, Imo ní 2020. Ọdún 35 ni olùkọ́ lò kí ó tó tọ́ sí ìdá 80 owó oṣù rẹ̀. Òfin méjèèjì ń jẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tí ó bá sì ń wá ibi tí àtúnṣe yóò ti bẹ̀rẹ̀ kò ní láti wá a jìnnà.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ rí i pé àáró kò ṣeé gbé mọ́, ó yí i sí àjọ ní ọdún 2004. Òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 7.5 owó oṣù rẹ̀, ìjọba ń fi ìdá 7.5 kún un. Láti ọdún 2014, ìdá 8 ni òṣìṣẹ́ ń dá, ìjọba ń dá 10. Orúkọ ẹni ni owó náà wà, àjọ PenCom sì ń ṣọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Ní ti ìwà, ètò yìí dára ju ti àtijọ́ lọ ní ọ̀nà kan: kò fi ẹnikẹ́ni sọfà. Ìran kọ̀ọ̀kan ń san owó olùkọ́ rẹ̀ tán nígbà tí olùkọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún ṣòro díẹ̀ láti kó o jẹ. Owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá lábẹ́ ètò àtijọ́, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà nínú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ kan kó. Ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 sì yọ̀ǹda fún ọ̀kan tí ó jẹ́wọ́ pé kí ó san ìtanràn 750,000 náírà dípò ẹ̀wọ̀n. Ó di ọdún 2018 kí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó yí ìdájọ́ náà padà.

Síbẹ̀, ibi tí àjọ tuntun ti fara kan àáró àtijọ́ ni ó ti ya. Àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ kí ọdún 2004 tó dé ní ẹ̀tọ́ sí owó àwọn ọdún náà. Òfin ní kí ìjọba máa fi ìdá 5 nínú 100 gbogbo owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí Báǹkì Àpapọ̀ fún un. Nígbà tí ó di bíi ọdún 2014, ohun tí wọ́n ń fi síbẹ̀ kò tó mọ́. Àwọn arúgbó dúró. Ní oṣù kejì ọdún 2025 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí yíyá 758 bílíọ̀nù náírà láti fi san gbèsè náà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọmọ tí ń bọ̀ náà ni yóò san án.

Orílẹ̀-èdè Chile ni Nàìjíríà ti wo àwòkọ́ṣe ètò yìí. Lábẹ́ ìjọba ológun ni Chile bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1981; àwọn ológun tí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún gbogbo ìlú kò fi ara wọn sí i. Ní Nàìjíríà, àwọn ológun bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì bọ́ jáde ní ọdún 2011. Àwọn ọlọ́pàá kò rí ọ̀nà jáde bọ̀rọ̀; ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ń fi ẹsẹ̀ rìn kiri nínú òjò ní Àbújá láti fi ẹ̀hónú wọn hàn. Àwọn olùkọ́ kò ní ìbọn rárá. Ètò tí ẹni tí ó lágbára lè yọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, tí ẹni tí kò lágbára sì gbọ́dọ̀ dúró sí, ó ṣòro láti pè é ní ètò tí ó tọ́, bí ó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ dára tó.

Chile tún kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn, èyí tí ó kan àgbẹ̀ Ìjàgbà tààrà. Wọ́n rí i pé àjọ kò wúlò fún ẹni tí kò ní owó oṣù tí yóò dá. Ní ọdún 2008, wọ́n fi owó ìlú gbé owó ìfẹ̀yìntì kalẹ̀ fún àwọn arúgbó tálákà tí wọn kò dá àjọ kankan. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nítòsí Ọ̀wọ̀ gan-an, ní Èkìtì tí ó jẹ́ ara ìpínlẹ̀ Òndó títí di ọdún 1996, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìní tí wọ́n ti pé ọdún 65 ní 5,000 náírà lóṣooṣù ní oṣù kẹwàá ọdún 2011. Ìjọba tí ó tẹ̀lé e kò bá a lọ. Ní ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò mìíràn fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn ọlọ́jà àti àwọn àgbẹ̀ láti máa dá àjọ ìfẹ̀yìntì fúnra wọn. Ó dára fún ọ̀dọ́ àgbẹ̀. Ẹni ọdún 75 kò lè bẹ̀rẹ̀ àjọ ọgbọ̀n ọdún.

Ohun tí ó tọ́ sí olùkọ́ àti ohun tí ó tọ́ sí àgbẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Olùkọ́ ní àdéhùn. Gbèsè ni tirẹ̀, iye tí ó níye lórí ní ọjọ́ tí ó tọ́ sí i ni ó sì yẹ kí wọ́n fi san án, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ìwé. Àgbẹ̀ kò ní àdéhùn, ṣùgbọ́n ó ti wá sí oko àáró náà, ó ti kọ ebè tirẹ̀ fún ọdún gbọgbọrọ, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé oko tirẹ̀ kò sí nínú ètò. Bí kò bá lè gba ohun tí olùkọ́ gbà, kò yẹ kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Owó àwọn gómìnà tí wọ́n ti fi ipò sílẹ̀ kò lè tó fún èyí, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú un níbẹ̀.

Bí àgbẹ̀ bá sì béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé iye wo gan-an ni ìjọba jẹ ẹ́, ìgbà wo ni yóò kàn án, àwọn mélòó ni wọ́n wà níwájú rẹ̀, olùkọ́ kò ní lè dáhùn. Wọ́n ti pè é fún àyẹ̀wò, ó ti gbé ìwé dé, ó ti tò sórí ìlà láàárín àwọn tí ọ̀pá ń gbé rìn, wọ́n ti ní kí ó máa lọ sílé ná. Nínú àáró gidi, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó mọ oko tí ó kàn. Kò ní ná ìpínlẹ̀ kankan ní ohun púpọ̀ láti kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ ní gbèsè sílẹ̀ ní ọdọọdún, bí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ṣíwájú ara wọn, pẹ̀lú iye tí ó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan àti iye tí wọ́n rí san lọ́dún tí ó kọjá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí olùkọ́ ti lè kà á, tí ó sì lè kà á sókè fún àgbẹ̀.